«Your Eyes» ń ha létí: ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí àwo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwo For You ti Tatsuro Yamashita, olórin ará Japan, ni, ẹ̀dà ọdún 1982. «Sparkle» tó ṣí ojú A kò ní àbùkù kankan, gìtá rẹ̀ ń dún ṣaka. «Loveland Island» tó ṣí ojú B náà mọ́ tónítóní, báàsì ń rìn geere.

Ìparí ni wàhálà wà. «Futari» tó kádìí ojú A ń ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ti «Your Eyes» tó kádìí ojú B ló le jù, torí Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ tán: gbogbo ibi tí «s» bá ti wà ń ṣe ṣìì bí epo gbígbóná. Mo mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń sún mọ́ àárín, ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ ní ìyípo kan ń kúrú sí i, orin á sì fún pọ̀ mọ́ra.

Abẹ́rẹ́ olórí róbótó ni mò ń lò, ìwúwo tó fi ń tẹ àwo jẹ́ gíráàmù 2, antiskate (agbára tí kì í jẹ́ kí apá abẹ́rẹ́ fà sí àárín àwo) sì wà ní 1.5. Mo ti fọ àwo, mo gbé ìwúwo dé 2.2, kò yí padà. Ohùn apá ọ̀tún ló ń ha jù. Ṣé kí n fi kún antiskate, kí n tún igun cartridge (orí tó gbé abẹ́rẹ́ dání) tò, àbí kí n kúkú ra abẹ́rẹ́ elliptical (olórí bí ẹyin)? Ẹni tó ní ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2023, ṣé «Your Eyes» mọ́ lórí tiyín?