Mẹ́dàlì Ràfáẹ́lì Mímọ́ fún ọmọ tó ń wakọ̀

Ìyá Bọ́lá, Àkúrẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin ará ìjọ Kátólíìkì. Àkọ́bí mi ń na Àkúrẹ́ sí Lọ́kọ́ja. Mo ra mẹ́dàlì áńgẹ́lì Ràfáẹ́lì Mímọ́ fún un, èyí tó mú ọ̀pá àti ẹja lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní oògùn ni, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Kí tiẹ̀ ni ẹja ń wá níbẹ̀?

Bàbá Katikísì, Oǹdó:
Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú ìwé Tóbítì, nínú Bíbélì Kátólíìkì, ni. Áńgẹ́lì yìí sin Tóbíásì, ọmọ Tóbítì, lọ sí ilẹ̀ Mídíà, Asaráyà ló pe ara rẹ̀. Òróòro ẹja tí wọ́n mú ní odò Tígírísì ni wọ́n fi la ojú bàbá ọmọ náà. Ẹ gbé e fún Fadá kí wọ́n súre sí i. Àdúrà ló wà fún, kì í ṣe oògùn.

Dírébà Ọ̀rẹ̀:
Tèmi wà lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo ṣì ń yẹ bíréèkì wò láràárọ̀ ṣá o!

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Bíbélì ìyàwó ọmọ mi ò ní ìwé Tóbítì, màá yá a ní tèmi.