Ìṣẹ̀lẹ̀ wo ni ó yí ìtàn àwọn ará Yúróòpù padà jù lọ?

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí àríyànjiyàn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe lórí ìbéèrè yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún 1492 ni, nígbà tí Columbus gúnlẹ̀ sí erékùṣù Kàríbíánì, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọrọ̀ ń wọ Yúróòpù láti òkè òkun, tí òwò ẹrú tí ó kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Bùràsíl àti Kúbà sì tẹ̀ lé e. N kò lè sọ pé irọ́ ni.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Gutenberg ṣe ní ìlú Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1450 ni ó ṣíwájú. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, Jan Hus, àlùfáà kan tí ó jẹ́ ará Czech, bá ìjọ Àgùdà wí, wọ́n sì dáná sun ún ní ọdún 1415. Ṣùgbọ́n nígbà tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọ náà wí ní ọdún 1517, ìwé rẹ̀ ti tàn káàkiri ilẹ̀ Jámánì kí apá àwọn aláṣẹ tó lè ká a.

Ohun tí ó rú mi lójú ni pé àwọn ará Kòríà ti fi lẹ́tà onírin tẹ ìwé ṣáájú Gutenberg. Ṣé ẹ̀rọ náà gan-an ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, àbí ààbò tí Frederick, olórí agbègbè Saxony ní ilẹ̀ Jámánì, fi bo Luther? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rí ti ìdáhùn yín lẹ́yìn.