Agéná ni, kì í ṣe apaná

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe súwíìṣì tí wọ́n ń fi sára wáyà bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, èyí téèyàn ń yí kí bátìrì má bàa kú bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dábàá "apaná bátìrì". Ẹlòmíì ní "ìdínà nẹ́gétíìfù". Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè gba "apaná" rárá.

Lọ́dún tó kọjá ni mo gbé Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen, lọ fún riwáyà. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá mọ̀ pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni bátìrì rẹ̀ ń gbé. Bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí ẹni tó sanra wá jókòó, irin sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì, kí iná sì ta pàrà sínú tìmùtìmù. (Súwíìṣì kò dípò ìdérí o. Ẹ wá ìdérí.) Riwáyà tú wáyà tó wọ bọ́dì, ó ki súwíìṣì sáàárín. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Ohun tí ẹ ó máa fi gé iná ni mò ń fi síbẹ̀." Kò sọ pé "pa".

Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí mo bá pa iná yàrá, gílóòbù ló kú. Iná ṣì wà nínú wáyà títí dé ìdí súwíìṣì. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníná bá gun òpó, "wọ́n ti gé iná wa" la máa ń wí. Bí a bá sanwó, wọ́n á so ó padà. Gé àti so: iṣẹ́ súwíìṣì yìí gan-an nìyẹn. "Já" kò bá a mu, nítorí wáyà tó já, èèṣì ni.

"Pa" tún léwu. Ẹni tó gbọ́ "apaná" á rò pé ó ń pa mọ́tò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ yí súwíìṣì oníwáyà méjì yìí, ẹ́ńjìnnì lè má kú, torí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, ṣì ń fún un níná. Alternator tí kò rí bátìrì mọ́ lè ta iná tó le ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì ba diode inú ara rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ti ọkọ̀ eré ìje yàtọ̀: ó ní ojú wáyà tó pọ̀ sí i, ó ń gé bátìrì, ó sì ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn lè jẹ́ "apamọ́tò", mi ò ní jà.

Ní ti "ìdínà nẹ́gétíìfù", ọkọ̀ Morris Minor àtijọ́ tako ó: pọ́sítíìfù ló wọ bọ́dì tiwọn, kì í ṣe nẹ́gétíìfù, nítorí náà wáyà pọ́sítíìfù ni súwíìṣì tó wà níbẹ̀ á máa gé.

Ẹnìkan lè ní ènìyàn ni agégi, nítorí náà ká pe irin-iṣẹ́ ní "ìgéná" bí a ti ń sọ pé ìgbálẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wù mí. Ṣùgbọ́n "ìgéná" á tún dúró fún gígé iná fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì dàrú mọ́ra. Amúnáwá ti wà lẹ́nu gbogbo wa, ẹ̀rọ sì ni. Bí amúnáwá bá ń mú iná wá, agéná ni kó máa gé e.

Agéná bátìrì ni tèmi. Ó ku irú èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ pupa tó ṣeé yọ sápò kí olè má lè gbé ọkọ̀ lọ. Ṣé "kọ́kọ́rọ́ agéná" tó fún un, àbí ẹ ní èyí tó ṣe ṣókí jù bẹ́ẹ̀ lọ?