Nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ Magnum, ìyẹn àwọn tí ń yin ọta tí agbára rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èwo ni ààyò yín, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ọmọ Ìtòkò:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ ìbọn jẹ lógún. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ràn ìtàn ìbọn àti bí inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́, n kò wá èyí tí n ó rà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, àyàfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ìmọ̀ ni mo ń wá. Ọdún 1836 ni Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ìbọn tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, ìyẹn ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, síbẹ̀ ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu ni àwọn baba wa fi kojú ogun Dàhòmì ní 1851. Láti ìgbà tí mo ti ro èyí ni n kò ti lè gbé ọkàn kúrò lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Mo ti kà nípa Colt Python, Ruger GP100 àti Smith & Wesson Model 19 pẹ̀lú Model 29. Python ni ọkàn mi fà sí jù, nítorí pé irin rẹ̀ dán, àwọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí aró Ìtòkú. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kò tó láti fi yan nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti yìn ín rí, tàbí tí ẹ mọ inú rẹ̀, èwo ni ẹ yàn?

Àkàndé Adigbẹ:
Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára púpọ̀. Ọmọ Adigbẹ ni mí, ṣùgbọ́n Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, níbi tí òfin ti gbà wá láàyè láti máa yìn wọ́n ní pápá ìdánrawò. Ní tèmi, kí ènìyàn tó yan ìbọn, ọta ni kí ó kọ́kọ́ yàn, .357 Magnum ni mo sì fara mọ́. Ọdún 1935 ni Smith & Wesson gbé ìbọn rẹ̀ jáde, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń ráhùn pé ọta .38 Special tí àwọn ń lò kì í wọ ara ọkọ̀ tí àwọn ọ̀daràn fi ń sá lọ, J. Edgar Hoover, ọ̀gá àgbà FBI, ni wọ́n fún ní àkọ́kọ́. Bí ọta méjèèjì ṣe fẹ̀ tó kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí èèpo Magnum fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn ju ti .38 lọ, kí ó má baà ṣeé kì sínú ìbọn .38 àtijọ́ tí irin rẹ̀ kò lè gba agbára náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìbọn .357 lè fi .38 tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sì í ti ọwọ́ sẹ́yìn púpọ̀, kọ́ iṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí ó tó wá fi Magnum sí i.

Ruger GP100, tí ó jáde ní 1985, ni ààyò mi. Bí a bá tẹ ìdè rẹ̀, àgbá ọta á yọ sí apá òsì. A ó kọjú ẹnu ìbọn sókè, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀pá kékeré tí ó wà níwájú àgbá náà, èèpo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbígbóná wọn. Irin rẹ̀ nípọn, kò sì mọ àárẹ̀. Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn irú ìbọn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀: àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín àgbá ọta àti ọ̀pá ìbọn, iná sì máa ń tú níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Pákó tí a máa ń gbé ọwọ́ lé ní pápá wa ti jó dúdú ní ìlà méjì nítorí rẹ̀. Ìka kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ rárá.

Alágbẹ̀dẹ Lafẹ́nwá:
Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí ọta, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà Python. Iṣẹ́ irin ni iṣẹ́ ìdílé wa, ohun tí mo sì máa ń wò lára ohunkóhun tí a fi irin rọ ni bí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ṣe jókòó síra wọn. Nígbà tí Python jáde ní 1955, ọwọ́ ni àwọn oníṣẹ́ Colt fi ń yùn ún títí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò fi bá èkejì mu. Àgbá ọta rẹ̀ ń yí sí ọ̀tún, nígbà tí ti Smith & Wesson ń yí sí òsì. Bí a bá fa tírígà rẹ̀ dé òpin, irin kékeré tí ń ti àgbá náà yí kì í padà sẹ́yìn. Ńṣe ni yóò tún tì í mọ́ ìdè rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbá náà kò ní mì nígbà tí ọta ń jáde. Ìfúnpọ̀ yẹn kan náà ni ó ń jẹ irin kékeré náà bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ihò ọta kò fi ní dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn mọ́, ẹni tí yóò sì tún un ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2005. Nígbà tí wọ́n dá a padà ní 2020, wọ́n ti dín ẹ̀yà inú rẹ̀ kù. Ti àtijọ́ ni mo yàn, pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀.

Ọdẹ Ìjàyè:
Ẹ ti gbàgbé ọdẹ. Elmer Keith, ọdẹ àti olùsìn màlúù ní Idaho, fi ọ̀pọ̀ ọdún ki ẹ̀tù kún ọta .44 Special, kò sì yé ṣípẹ̀ fún Smith & Wesson àti Remington tí ń ṣe ọta títí wọ́n fi gbé .44 Magnum jáde ní 1955. Ọta .357 máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 10, ti .44 tó 15. Ẹni tí ó bá ti tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ìmàdò tí a ṣe léṣe tí kò kú wọ inú igbó rí yóò mọ ohun tí gíráàmù 5 yẹn túmọ̀ sí. Ruger Super Blackhawk ti 1959 ni tèmi, kì í ṣe Model 29 tí òun náà ń yin .44, nítorí pé ìdí Ruger náà tí a ń dì mú máa ń rọra yí sókè nínú àtẹ́lẹwọ́ dípò kí ó gbá a. Lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń ti ọta sí i láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í kánjú.

Àdùkẹ́ Ṣàpọ́n:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò ronú nípa ẹni tí yóò gbé e láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bill Jordan, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà, ni ó rọ Smith & Wesson láti fi .357 sínú ìbọn tí ó fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni Model 19 ti jáde. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìdí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ọta tí ó fúyẹ́ tí ó sì yára a sì máa là á. Model 686 ti 1980 ni wọ́n fi dáhùn ìyẹn, irin rẹ̀ nípọn sí i, kò sì wúwo jù. Òun ni mo yàn.

Ọmọ Ìtòkò:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé ti yí mi lọ́kàn padà lórí ọta, Python sì ṣì ni mo fẹ́, nítorí àlàyé alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pá ínṣì 4 ni, àbí 6?

Àkàndé Adigbẹ:
Bí ó bá jẹ́ ti pápá, 6 ni. Àmì ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra wọn, nítorí náà àṣìṣe ojú tètè máa ń hàn, ìwúwo iwájú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹnu ìbọn fò sókè púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í kọ́ ìbàdí ni kí ó mú 4.