Síkéèlì kì í ṣe òṣùwọ̀n: èsì mi sí àtẹ ọ̀rọ̀ orin náà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àtẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìwé tí yóò ṣàlàyé ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ orin, ohun èlò orin àti ìtàn orin ilẹ̀ Yúróòpù ní Yorùbá. Iṣẹ́ tó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni lórin ti ṣe látọjọ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ, ọkàn mi kò balẹ̀. Wọ́n pe síkéèlì ní "òṣùwọ̀n", nóòtì ní "àkọsílẹ̀", kíì ní "kọ́kọ́rọ́", fúláàtì ní "pẹlẹbẹ", ṣáàpù ní "mímú", háámónì ní "ìṣọ̀kan". Wọ́n sì fi "ohùn" nìkan dí àyè nǹkan mẹ́rin. Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n: lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ túmọ̀, ẹ kò tíì wo nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí síkéèlì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló pàdé lórí orúkọ kan níbẹ̀. Síkéèlì tí alápatà fi ń wọn ẹran, èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́ ló ti wá, àwo ló sì túmọ̀ sí, nítorí àwo méjì tó máa ń rọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Síkéèlì olórin kò bá a tan rárá. Látìn ló bí i, "scala", àkàsọ̀ ni, ohun tí a fi ń gun àjà. Títí dòní ni ará Ítálì ń fi ọ̀rọ̀ yìí pe àtẹ̀gùn ilé. Síkéèlì olórin kì í wọn ohunkóhun. Ńṣe ni ó ń gòkè ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, tó sì ń sọ̀ padà. Nítorí náà "àkàsọ̀ ìró" ni mo dábàá, ẹni tó bá sì ń sọ àkàbà nílùú tirẹ̀ lè sọ àkàbà. Ọ̀rọ̀ yìí á wúlò fún olùkọ́ nídìí pátákó ìkọ̀wé. Kó ya àkàsọ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kó kọ dò sí ìsàlẹ̀, kó kọ dò kejì sí òkè, kó wá fi han ọmọ pé ẹsẹ̀ àkàsọ̀ yìí kò jìnnà síra bákan náà: láti mi sí fa, àti láti ti sí dò òkè, ààbọ̀ ìgbésẹ̀ ni. Àwọn yòókù, odidi ni. Òṣùwọ̀n kò lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nóòtì. "Nota" ni Látìn ń pè é, àmì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni èyí tí akọ̀wé ìpàdé ń ṣe. A gbọ́dọ̀ ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí gbọ́: èyí tó wà lórí ìlà márùn-ún, àmì orin ni. Èyí tó jáde lẹ́nu tàbí lára fèrè, ìró ni. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò sọ pé àwọn ti ń lo ìró fún kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Kò pa wá lára. Ìró ni méjèèjì, àyíká ọ̀rọ̀ á sì fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ "ohùn" gan-an ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Nínú àtẹ náà, ohùn ni ohùn ènìyàn, ohùn ni gíga ìró, ohùn ni nóòtì, ohùn ni orin tí a ń fi fèrè fọn láìsí ọ̀rọ̀ nínú. Èdè wa sì ti fi iṣẹ́ mìíràn sí i lọ́rùn tẹ́lẹ̀: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, tí a fi ń mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, tí a fi ń mọ ìgbá yàtọ̀ sí igba. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni àárín, mí ni òkè. Igbá, re-mí. Ìgbà, dò-dò.

Níbo ni dò, re, mi ti wá gan-an? Ní ọ̀rúndún kọkànlá, mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Guido nílùú Arezzo ní Ítálì ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ akọrin yóò fi lè kọ orin tí wọn kò gbọ́ rí. Orin ìyìn kan wà tí wọ́n ń kọ fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìró tó ga ju ti ìlà tó ṣáájú lọ. Ó mú sílébù tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan: ut, re, mi, fa, sol, la. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn ará Ítálì fi dò rọ́pò ut, nítorí kò rọrùn láti fa ọ̀rọ̀ tí ẹnu pa dé ní ìparí rẹ̀. (Inú mi dùn sí ìpààrọ̀ yẹn. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, ìbá ti di útù lẹ́nu wa.) Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sarah Glover nílùú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti John Curwen tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di sólfà tí a ń fi lẹ́tà kọ, èyí tí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò láti Èkó dé Ìbàdàn títí dòní.

Nínú sólfà yẹn, dò kì í ṣe orúkọ ìsàlẹ̀. Dò ìsàlẹ̀ wà, dò òkè wà, èyí òkè sì ga ju mi lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ìdánwò pé láàárín mi àti dò òkè, èwo ló ga jù. Àwọn tó dáhùn pé mi ló ga jù kò kéré, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: "nítorí pé dò jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀." Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà. Olùkọ́ Yorùbá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa, èmi ni mo tún lo ọ̀rọ̀ kan náà fún nǹkan mìíràn láìṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ náà jinlẹ̀. Nínú sólfà, àlàfo dò sí re kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ẹni tó ń wọn àlàfo yẹn. Ohun tó jẹ wá lógún ni pé sílébù yìí ga ju ìkejì lọ.

Fún ìdí èyí, mo bẹ̀bẹ̀ pé ká fi ohùn sílẹ̀ fún ẹnu ènìyàn àti fún èdè. Orin olóhùn mẹ́rin, tíríbù, áltò, tẹ́nọ̀ àti básì, ó dára, ẹnu ènìyàn ni. "Ohùn orin" tí àwọn akọrin ń pe bí a ṣe ń kọ orin ìwé kan, ẹ jẹ́ kó dúró, ó ti pẹ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ìró kan ga ju òmíràn, "gíga ìró" ni ká pè é. Kò sẹ́ni tó mọ ewu àdàlù yìí bíi Ekundayo Phillips, tó di olùtẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Marina l'Ékòó ní 1914. Ó rí i pé orin Òyìnbó tí a gbé lé ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí ń sọ ọkọ̀ di ọkọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe orin tí ohùn ọ̀rọ̀ ń darí. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe?

Nípa àlàfo láàárín ìró méjì, ẹ̀gbọ́n ní ká lo òǹkà lásán: èjì, ẹ̀ta, àrùn-ún. Níbí ni èdè wa ti ní ọrọ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Láti dò dé mi, ìgbésẹ̀ méjì ni, síbẹ̀ àwọn ará Yúróòpù ń pè é ní ìkẹta, nítorí wọ́n ń ka dò fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ ni èyí ń rú lójú bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ka nǹkan báyìí láti kékeré. Kí ni ìjẹta? Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ọjà ìsán, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìtàdógún, ọjọ́ 16. Ọrún méjì kì í di ẹ̀wá, ìsán ni ó ń dà, torí ọjọ́ tó wà láàárín, ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á. Bí orin ṣe rí gan-an nìyẹn: dò dé mi, ìkẹta. Mi dé sol, ìkẹta. Dò dé sol, ìkarùn-ún, kì í ṣe ìkẹfà. Dò dé dò òkè, ìkẹjọ. Ìkẹjọ méjì, ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni, ẹ ó sì rí orúkọ yẹn lára àwọn ohun fífà dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá tó ń ná ọjà ọrún mọ ìṣirò yìí láìṣí ìwé. Ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹjọ: ẹ jẹ́ ká gba orúkọ wọ̀nyẹn, ká sì fi ìjẹta bẹ̀rẹ̀ àlàyé wọn nínú ìwé náà.

Ìkẹjọ yẹ kó ní àlàyé tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìró A tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Lọ́ńdọ̀nù fẹnu kò sí ní 1939 ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìkẹjọ òkè rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 880, ìlọ́po méjì géérégé. Ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbà wọ́n bí ìró kan náà. Nígbà tí ìyá àti bàbá bá jọ ń kọ orin kan ní àdúrà òwúrọ̀, ìkẹjọ ni wọ́n sábà máa ń wà síra wọn.

Pẹlẹbẹ àti mímú, rárá o. Àmì fúláàtì, èyí tó ń mú ìró wálẹ̀ ní ààbọ̀ ìgbésẹ̀, lẹ́tà b tí ikùn rẹ̀ rí róbótó ni, tí àwọn ará àtijọ́ ń pè ní b rírọ̀. Ìkejì rẹ̀, b onígun, ni wọ́n ń pè ní b líle, ibẹ̀ sì ni àmì ṣáàpù, èyí tó ń gbé ìró sókè ní ààbọ̀ ìgbésẹ̀, ti ṣẹ̀. Títí dòní ni Jámánì ń fi líle àti rírọ̀ pe oríṣi àkàsọ̀ méjèèjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní major àti minor: Dur àti Moll. Kò sí pẹlẹbẹ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo onídùndún. Bó bá fẹ́ kí ìró ga, á fún ọṣán ìlù mọ́ra. Bó bá fẹ́ kó wálẹ̀, á dẹ ọwọ́. "Ìró fífún" fún ṣáàpù àti "ìró dídẹ̀" fún fúláàtì ni mo dábàá. Ẹnìkan lè rò pé fífún á dàrú mọ́ funfun lára dùùrù, níbi tó jẹ́ pé eyín dúdú ni a sábà ń tẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kò ní dàrú.

Háámónì kì í ṣe ìṣọ̀kan. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń kọ ìró kan náà, ìyẹn ni ìṣọ̀kan. Háámónì ń fẹ́ ìró tó yàtọ̀ síra. Lédè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, bí pákó ṣe ń wọ inú ara wọn. "Ìbáramu" dára fún un. Kọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀ kò ṣáko pátápátá: kọ́kọ́rọ́ ni àwọn àtijọ́ ń pe lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, torí òun ló ń ṣí ìlà fún akọrin, nítorí náà ká lò ó fún àmì yẹn nìkan. Kíì orin, ìyẹn ìró tí orin fi ṣe dò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kíì. Gbogbo akọrin ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Dùùrù ló kù. Dùùrù ni Dáfídì ta fún Sọ́ọ̀lù, dùùrù ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù náà ni piano tí Bartolomeo Cristofori ṣe nílùú Florence ní nǹkan bí 1700. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ wá orúkọ mẹ́ta tuntun fún wọn. Mo rò pé àpèlé tó. Ti Dáfídì, dùùrù títa. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù aláfẹ́fẹ́, torí afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá rẹ̀ ló ń dún, ẹbí fèrè ni. Ti Cristofori, òòlù kéékèèké ló ń lu okùn inú rẹ̀, "olóòlù" ìbá sì bá a mu, àfi pé ará Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ rántí egúngún. "Dùùrù alòòlù" ńkọ́?

Ohun kan wà tí n kò rí ọ̀rọ̀ fún tó tẹ́ mi lọ́rùn: ìró tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. "Gbé ohùn sókè" lẹ́nu wa, kíké ni ó sábà ń jẹ́, kì í ṣe gíga. Àwọn onílù bàtá ní orúkọ fún ojú méjèèjì ìlù wọn: ojú òjò ni èyí ńlá tí ìró rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣáṣá ni èyí kékeré tí ìró rẹ̀ ga. Ṣáṣá yẹn lágbára débi pé ó bá wọn kọjá òkun. Ní Kúbà títí dòní, chachá ni wọ́n ń pe ojú kékeré bàtá, enú ni wọ́n sì ń pe èyí ńlá, ẹnu wa gan-an. Mo ń rò ó bóyá a lè fi òjò àti ṣáṣá pe ìsàlẹ̀ àti òkè gbogbo ìró. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá onílù nítòsí, ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn tàbí níbikíbi, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá ó ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ìró nìkan, tàbí fún awọ nìkan, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sí wa bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.