Kí la ó pe soft money? Èsì mi lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Feingold

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ lórí Russ Feingold, ẹni tó ṣojú ìpínlẹ̀ Wisconsin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà láti 1993 sí 2011, bèèrè ohun tí a ó pe soft money, ìyẹn owó tí àwọn ènìyàn àti iléeṣẹ́ ń fún ẹgbẹ́ òṣèlú láìsí ààlà. Ẹnìkan ní ká pè é ní "owó rírọ̀". Ẹlòmíràn ní "owó abẹ́lẹ̀". Ẹnìkẹta ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

N kò lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá gbọ́ "owó rírọ̀" á rò pé owó tó rọrùn láti rí ni, tàbí bébà owó tó ti gbó. Èyí kò ṣòro láti gbé jù sílẹ̀. "Owó abẹ́lẹ̀" gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ó dùn létí, irọ́ ló sì ń pa. Owó yìí kò pa mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń kọ orúkọ ẹni tó mú un wá àti iye tó mú wá ránṣẹ́ sí àjọ ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Ohun tí kò ní ni ààlà. Òfin ìgbà náà ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ju dọ́là 1,000 lọ fún ìdìbò kan, ṣùgbọ́n ẹni kan náà lè gbé ọ̀kẹ́ àìmọye fún ẹgbẹ́ òṣèlú, pé kí wọ́n fi tún ẹgbẹ́ ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí òfin kò gbà láyè rárá láti fi owó àpò wọn ti olùdíje lẹ́yìn, gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Òfin tí Feingold àti aṣòfin àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John McCain, jọ gbé kalẹ̀, tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2002, ló ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àpapọ̀, tó sì sọ 1,000 di 2,000.

Nítorí náà, òdiwọ̀n ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Mo dábàá "owó aláìlódiwọ̀n" fún un, kí ìkejì rẹ̀, hard money, èyí tí òfin fi ààlà sí, jẹ́ "owó olódiwọ̀n". Mo ti kọ́kọ́ rò ó pé ká lo "owó oníwọ̀n", ṣùgbọ́n owó kékeré, owó tí kò pọ̀ jù, ni etí wa máa gbọ́ nínú ìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ máa ṣe sí ìtàn ọkùnrin yìí. Ní 1998, ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìlérí pé òun kò ní ná ju dọ́là kan lọ lórí ọmọ Wisconsin kọ̀ọ̀kan tó ti tó ìbò dì, nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 3.8. Ó sì rọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ pé kí wọ́n má fi owó aláìlódiwọ̀n polówó òun, nígbà tí Mark Neumann, olùdíje ẹgbẹ́ Republican tó ń bá a dupò, ti ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Díẹ̀ ló fi borí. Bí a bá kọ ọ́ pé ó kọ owó abẹ́lẹ̀, kí ló ṣe tó ju ti ọmọlúàbí èyíkéyìí lọ? Owó tí òfin ìgbà náà gbà láyè ló kọ̀! A ò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó ti ṣáájú ẹjọ́ dé ilé onídàájọ́. Mo mọ ìdí tí ọkàn fi ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, òǹkàwé á bèèrè pé kí la tún ń wá òfin tuntun sí.

Òfin 2002 yẹn kan náà tún mú àwọn ìpolówó kan tó máa ń ka gbogbo ẹ̀sùn sí olùdíje lọ́rùn, tí kò sì ní sọ "ẹ má dìbò fún un" láéláé, pé "ẹ pè é, kí ẹ sọ tinú yín fún un" ni wọ́n máa fi parí. Òfin náà sọ nígbà náà pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó àpò rẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n bí ìdìbò bá ku 60 ọjọ́, tàbí 30 ọjọ́ fún ìdìbò abẹ́lé. Mo pè é ní "ìpolówó alábọ̀-ọ̀rọ̀". Ẹnìkan ta kò mí pé ọmọlúàbí là ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Òótọ́ ni, iyì wà nínú òwe náà. Síbẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹnu sọ ìdajì, inú olùgbọ́ ló ti di odidi. (Apá òfin yìí ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wó ní oṣù kìíní 2010, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ìfòfindè owó aláìlódiwọ̀n fún ẹgbẹ́ òṣèlú kò wó.)

"Ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò" fún election-day registration, tí Wisconsin ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1970, kò nílò àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ "yàn" ló nílò rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2008, àga aṣòfin àgbà mẹ́rin ṣófo, ti Obama, ẹni tó ṣojú ìpínlẹ̀ Illinois, wà lára wọn, wọ́n sì mú gómìnà Illinois ní oṣù kejìlá pé ó fẹ́ ta àga Obama náà. Ní oṣù kìíní 2009, Feingold mú àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wá, pé kí gómìnà má lè fi ẹnikẹ́ni sórí irú àga bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí ará ìlú dìbò. Kò kẹ́sẹ járí. Nínú ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi hàn wá, "gómìnà yan aṣòfin", "ará ìlú yan aṣòfin": "yàn" kan náà ni! Ẹni tó bá kà á kò ní mọ ohun tó fẹ́ yí padà. Ẹ jẹ́ kí gómìnà máa "fi í sípò", kí ará ìlú máa "dìbò yàn án", kí "yàn" má sì dá dúró níbì kankan nínú ojú ìwé yẹn.