Ooru ni, kì í ṣe oòrùn: lórí orúkọ àìsàn tí à ń kọ́ ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti ka gbogbo èsì sí ìbéèrè tó wà nílẹ̀: kí ni ká máa pe heatstroke, àìsàn líle tí ooru àpọ̀jù ń fà, tí a bá fẹ́ kọ nípa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ṣírò iye ènìyàn tí ooru máa dá dùbúlẹ̀ nígboro? Orúkọ mẹ́ta lẹ ti dá: rọpárọsẹ̀ ooru, ibà oòrùn àti ìdákú ooru. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Rọpárọsẹ̀ ooru ló burú jù. Ẹni tó dá a rí "stroke" nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó, ó sì sáré mú ohun tí a mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kò sí iṣan ọpọlọ tó dí tàbí tó bẹ́ níbí. Ara ló gbóná kọjá 40°C, tí orí onítọ̀hún wá dàrú: á máa sọ ìsọkúsọ, gìrì lè mú un, ó lè má mọ ibi tó wà mọ́.

Ibà oòrùn dùn létí. Àmọ́ nínú ibà, ara fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìgbóná rẹ̀ sókè. Nínú eléyìí, ara ń làágùn kó lè tutù ni, apá rẹ̀ ni kò ká a mọ́. Ìdí nìyí tí oògùn ibà kì í fi í ràn án; omi tútù ni wọ́n ń rì í sí. Kì í sì í ṣe oòrùn nìkan ló ń fà á. Kọnkéré àti ọ̀dà títì a máa mu ooru lọ́sàn-án, wọn a tú u sílẹ̀ lóru, tí arúgbó tí kò jáde nínú yàrá fi lè ti ibẹ̀ kú. (Ẹni tó kọ "iba oorun" láìfi àmì sí i, mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn àwọn tó ń sùn jù ló ń wí.)

Ìdákú ooru sún mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè dákú nínú ooru, kó dùbúlẹ̀ síbi tó tutù, kó sì dìde láìpẹ́. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tó ní "ẹ̀rọ ò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀", ẹ forí jì mí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn. A kó ìròyìn ooru, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn fún ẹ̀rọ, a kó iye àwọn tí àìsàn náà mú lójoojúmọ́ tì í, kó lè wá bí ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé èkejì. Ta ló kọ orúkọ àìsàn sínú ìwé yẹn? Ènìyàn ni. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Jàpáànì gbé irú iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Communications, lórí ìlú 16, fún ìkìlọ̀ wákàtí 12. Netchūshō ni wọ́n ń pe àìsàn náà lédè wọn, heatstroke ni wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n netchūshō kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, látorí òòyì àti iṣan tó ń fà títí dórí èyí tó ń pani. Ìpele ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìpele kẹrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 2024. Ẹni tó bá fi orúkọ èyí tó ń pani túmọ̀ iye wọn, irọ́ ló pa láìmọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́: àìsàn ooru fún gbogbo rẹ̀, ooru adorírú fún èyí tó le. Rọpárọsẹ̀, jẹdọ̀jẹdọ̀: ohun tí àìsàn ń ṣe fúnni la fi ń sọ ọ́ lórúkọ, orí dídàrú sì ni dókítà fi ń dá eléyìí mọ̀. A ní adàlúrú tẹ́lẹ̀, adorírú kò ní ṣàjèjì. Ó le lẹ́nu díẹ̀, mo gbà.

Ọ̀rọ̀ "tẹmómítà tútù" ńkọ́, fún wet-bulb, èyí tí wọ́n fi aṣọ tó rin we nídìí? Ẹni tó bá kà á á rò pé òtútù ló ń wọ̀n. Tẹmómítà rírin ni kó jẹ́, ó bá ọ̀rinrin mu. Òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ìṣirò WBGT, òṣùwọ̀n tó pa ooru, ọ̀rinrin àti ìtànṣán oòrùn pọ̀: ìdá 7 nínú 10 ni tirẹ̀, tẹmómítà inú bọ́ọ̀lù dúdú kó 2, gbígbẹ kó 1. Tí wọ́n bá ti rí i pé WBGT máa dé 33 ni Jàpáànì ń kéde ìkìlọ̀.

Ní ti àsọtẹ́lẹ̀, fún iye tí ẹ̀rọ ṣírò ṣáájú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà. A ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tipẹ́, kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ pe ẹ̀rọ ní wòlíì. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni "ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ" fún machine learning, bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ nǹkan látinú ìròyìn tí a kó fún un, torí ó jọ kíláàsì àwọn mẹkáníìkì. "Ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ" ńkọ́? Ẹ fún mi lésì.